Ìyá Tíṣà Ń Dáhùn: Olùkọ́ Tí Ẹ Kò Gbàgbé

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ó sì jọ pé ẹ ti fohùn ṣọ̀kan kẹ́ ẹ tó kọ wọ́n, nítorí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló kún inú wọn. Bóyá nítorí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá tó ń bọ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olùkọ́ káàkiri àgbáyé láti 1994. Mo mú márùn-ún. Mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ ènìyàn àti ti iléèwé kúrò, torí a ò wá ro ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níbí.

Ìbéèrè: Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti lé lógójì ọdún. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, olùkọ́ wa, obìnrin kan tí kì í pariwo, máa ń dá mi dúró bí iléèwé bá ti jáde. Á ní kí n máa ka ìwé ìtàn sí òun létí bí òun ṣe ń máàkì iṣẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nítorí pé mò ń kólòlò ni. Agbẹjọ́rò ni mí lónìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi ń jẹun. Ẹnì kan ti bá mi wá àdírẹ́sì rẹ̀. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Bí kò bá rántí mi ńkọ́? Kí ni màá tiẹ̀ kọ? (Akólòlò Àná)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, jókòó kí o kọ ọ́ lálẹ́ òní.

Jẹ́ ká ti ibi tó ń dẹ́rù bà ọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó má rántí rẹ. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni, ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá lè tó ẹgbẹ̀rún, ojú ìwọ náà kì í sì í ṣe ojú ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Obìnrin kan kọ lẹ́tà sí èmi náà nígbà kan. Ó ti di olùdarí ilé-iṣẹ́. Ó ní ohun tó gbé òun dé ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kíláàsì tí mo fi síkàáwọ́ òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, pé àgbàlagbà kankan kò tíì fọkàn tán òun rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Mo ka lẹ́tà náà, mo tún un kà. Mi ò rántí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ká sòótọ́, ẹni tó bá jókòó sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù jù ni mo máa ń fún, kó má baà di pé ẹnì kan ń rìn kọjá láàárín kíláàsì nígbà gbogbo. Síbẹ̀, lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí mi ò mọ ibi tí mo kó ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì mi sí.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ nìyẹn. Èyí tó ń wọ ọmọ lára jù nínú iṣẹ́ olùkọ́ kì í sábà sí nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ tó kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, olùkọ́ fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Ó lè mọ iye ọmọ tó yege. Kò lè mọ̀ pé ìwé ìtàn tí ẹnì kan ń kà sí òun létí ti di ẹjọ́ rírò ní kóòtù. Bí o kò bá sọ ọ́, kò sí ibòmíràn tó ti lè gbọ́ ọ.

Ní ti ìtìjú, àwọn onímọ̀ méjì kan, Amit Kumar àti Nicholas Epley, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2018. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹni tó ṣe wọ́n lóore, kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe rò pé yóò rí lára ẹni náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ bi àwọn tó gba lẹ́tà. Àwọn tó kọ ọ́ ti rò pé ara ẹni náà kò ní balẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Inú àwọn tó gbà á dùn ju bí wọ́n ṣe fọkàn sí lọ. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa dán ló ń da àwọn tó kọ lẹ́tà láàmú, àwọn tó gbà á kò tiẹ̀ wo ìyẹn, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n rí. Nítorí náà, má ṣe fi èdè kóòtù kọ ọ́.

Bí o bá fẹ́ àpẹẹrẹ, wo Albert Camus, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Àlùjíríà ní 1913. Ogun Àgbáyé Kìíní pa bàbá rẹ̀ ní 1914, ó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé kà, ilé onílé ló ń bá wọn tún ṣe, ìyá àgbà ló sì ń pàṣẹ nínú ilé. Èrò ìyá àgbà ni pé tí ọmọ náà bá ti parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó wáṣẹ́ lọ, kó máa mówó wálé. Louis Germain, olùkọ́ rẹ̀, ló yí ìyá àgbà lọ́kàn padà, tó sì ń kọ́ ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ títí tó fi yege ìdánwò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tó gbé e wọ girama. Ní 1957, wọ́n fún Camus ní ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó kọ lẹ́tà kékeré kan sí Germain pé nígbà tí òun gbọ́ ìròyìn náà, lẹ́yìn ìyá òun, Germain ni òun kọ́kọ́ rántí. Germain náà kọ lẹ́tà sí i ní 1959. Ó rántí ọmọ náà dáadáa, ó ní ayọ̀ pé ó wà ní kíláàsì máa ń hàn lójú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1960, jàǹbá ọkọ̀ pa Camus, ọmọ ọdún 46. Nítorí náà, bí o bá ń ṣírò ọjọ́ orí olùkọ́ rẹ láti mọ iye àkókò tó kù, rántí ṣírò tìrẹ náà mọ́ ọn.

Ó wá ku ohun tí wàá kọ. Má kọ “ẹ ṣeun fún iṣẹ́ ribiribi yín lórí ayé wa”. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń kà fún wa níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, ẹni tó ń kà á pàápàá ti ń wo aago. Kọ orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ nígbà náà, ọdún tí o wà ní kíláàsì rẹ̀, àti ibi tí o ń jókòó sí. Kọ orúkọ ìwé ìtàn yẹn bí o bá rántí. Kọ ọ̀rọ̀ tí kì í jáde lẹ́nu rẹ nígbà náà. Sọ fún un pé o kò mọ ìdí tó fi ń dá ọ dúró, àti ìgbà tí o wá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ fún un pé agbẹjọ́rò ni ọ́. Ojú ìwé kan ti tó. Kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n má ní kó fèsì. Ọwọ́ àgbà lè máa gbọ̀n, lẹ́tà ìdúpẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ di gbèsè sí i lọ́rùn. Yínni-yínni, kẹ́ni lè ṣe òmíràn, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ní ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, kò tún sí òmíràn tí a ń retí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú àtijọ́, mà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí olùkọ́ ìṣirò kan pè mí jáde síwájú pátákó. Mi ò mọ ìdáhùn. Ó ní kí gbogbo kíláàsì wo ojú ẹni tí ìṣirò kò ní wọ orí rẹ̀ láéláé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, mo ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo gbà síṣẹ́ ló ń bá mi ṣe àkọsílẹ̀ owó. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ti ń gbé iṣẹ́ àmúrelé ìṣirò wá báyìí. Tó bá ti ṣí ìwé, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa làágùn, màá ní “lọ bá bàbá rẹ, èmi ò mọ ìṣirò”. Báwo ni mo ṣe máa yọ ohùn ọkùnrin yẹn kúrò létí mi? (Ìyá Ọlọ́mọ)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo kà á, inú bí mi.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé ńṣe ló fẹ́ ta ọ́ jí kí o lè ṣe dáadáa. Má gbà. Mo ti pẹ́ nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde. Ó rẹ ènìyàn, aago ti fẹ́ lù, kíláàsì ń ho yèè, ó wá rí ọmọ kan tí òun lè fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí wọ́n lè fetí sí òun. Kò yẹ ọpọlọ rẹ wò kó tó sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé kó tó délé. Ibi tí ẹ̀rù iṣẹ́ wa ti ń bà mí nìyí: kọ́kọ́rọ́ tí mo fún ọmọ kan láìrò ó, àti ẹ̀gàn tí ọkùnrin yẹn sọ láìrò ó, ibì kan náà ni wọ́n ń wọ̀ lára ọmọ.

Ní 1968, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson gbé ìwé kan jáde lórí àdánwò tí wọ́n ṣe ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní California. Wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ pé ìdánwò kan ti fi hàn pé àwọn ọmọ báyìí báyìí máa ta yọ lọ́dún náà. Irọ́ ni. Ńṣe ni wọ́n kàn mú orúkọ wọn bí ẹni mú tẹ́tẹ́, bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ọmọ iléèwé náà. Nígbà tí ọdún fi máa parí, àwọn tó wà ní kíláàsì kìíní àti ìkejì nínú wọn ti lọ síwájú ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìdánwò làákàyè. Àwọn onímọ̀ ti bá ìwé yẹn jà gan-an láti ìgbà náà, àwọn tó sì tún irú àdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe kì í sábà rí ipa tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà èmi kì í fi í búra. Ohun tó ń wọ̀ mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé wọ́n fún àwọn ọmọ yẹn lórúkọ rere láìmọ ohunkóhun nípa wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ọ náà, láìmọ ohunkóhun ni. Kò ní ẹ̀rí nídìí ju tiwọn lọ.

O sì ní ṣọ́ọ̀bù! Ẹni tó ń ra ọjà, tó mọ iye tó gbọ́dọ̀ tà á kó tó jèrè, tó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìṣirò ló ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò kàn sí pátákó níwájú rẹ̀ ni.

Èyí tó ń kán mi lójú ju tìrẹ lọ ni ti ọmọ yẹn. Ní 2010, Sian Beilock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn olùkọ́ obìnrin mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ń kọ́ kíláàsì kìíní àti ìkejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sí ìyàtọ̀. Ní ìparí ọdún, bí ìbẹ̀rù ìṣirò bá ṣe pọ̀ lára olùkọ́ tó ni àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ ṣe máa ń gbà tó pé ọkùnrin ni ìṣirò wà fún, àwọn tó sì gbà bẹ́ẹ̀ ni máàkì wọn nínú ìṣirò lọ sílẹ̀. Kò ran àwọn ọmọkùnrin. Olùkọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, wọn ò yẹ ìyá wò, ṣùgbọ́n ta ni ọmọ ọdún méje ń wò ju ìyá rẹ̀ lọ? Gbólóhùn “èmi ò mọ ìṣirò” yẹn, gbé e jù lónìí. Bó bá ṣí ìwé, “jẹ́ ká jọ wò ó” ni kí o máa sọ. Ra ìwé ìṣirò kíláàsì rẹ̀ kan sí ọwọ́ ara rẹ, kí o máa ṣe ojú ìwé tó kàn nígbà tí ó bá ti sùn. Bàbá rẹ̀ lè jókòó tì yín, kó má gba bírò.

Bóyá ohùn ọkùnrin yẹn máa lọ pátápátá, mi ò ní ṣèlérí ìyẹn fún ọ. Mo mọ ẹni àádọ́rin ọdún tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè di ohùn ẹnì kan láàárín ọ̀pọ̀, èyí tí kò ní àṣẹ kankan lórí ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe.

Ìbéèrè: Ẹni tó kọ́ mi ní ìtàn ní girama ti wá di òṣìṣẹ́ lábẹ́ mi. “Sà” ló ń pè mí níwájú àwọn ènìyàn, ara mi kì í sì í gbà á. Kí ni kí n máa pè é? (Ọ̀gá Tí Kò Balẹ̀)

Ìdáhùn: Níbi ìpàdé, pè é bí o ṣe ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé o ń ṣe ojúsàájú. Bó bá ku ẹ̀yin méjì, “tíṣà” ni, ìwọ ni kí o sì kọ́kọ́ kí i láàárọ̀. Bó bá fi bírò pupa tún lẹ́tà tí o kọ ṣe, má bínú. Ìka rẹ̀ kò mọ̀ pé o ti di ọ̀gá.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì mi. Mo ń ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n máàkì ìdánwò wọn kò gòkè tó bí ọ̀gá wa ṣe fẹ́, máàkì nìkan ló sì fi ń díwọ̀n wa. Ọ̀rẹ́ mi ti bọ́ sí báǹkì. Ṣé iṣẹ́ mi tiẹ̀ ń dé ibì kankan? (Tíṣà Tuntun)

Ìdáhùn: Ẹlẹgbẹ́ mi, ó ń dé ibì kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọ̀gá rẹ ń wò nìkan.

Raj Chetty, John Friedman àti Jonah Rockoff tẹ ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ní ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tọpa wọn láti iléèwé títí wọ́n fi di àgbà tó ń san owó orí. Ọmọ tó bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ iṣẹ́, máàkì rẹ̀ gòkè lọ́dún náà. Láàárín ọdún díẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú àǹfààní yẹn ti pòórá nínú èsì ìdánwò. Bí wọ́n bá dúró níbẹ̀, wọn ì bá sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ náà ti ṣòfò. Àmọ́ nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, ó tún yọjú: púpọ̀ sí i nínú wọn wọ yunifásítì, owó tó ń wọlé fún wọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn ọmọbìnrin inú wọn kì í sì í sábà bímọ ní kékeré.

Kirabo Jackson lọ jù bẹ́ẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ jáde ní 2018. Ó wo àwọn olùkọ́ kíláàsì kẹsàn-án ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Yàtọ̀ sí máàkì ìdánwò, ó wo bóyá ọmọ ń wá síléèwé, bóyá wọ́n ń lé e sílé fún ìwà, bóyá ó ń bọ́ sí kíláàsì tó kàn lásìkò. Ipa tí olùkọ́ ní lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí ló fi ẹni tó máa parí girama hàn ju ipa tó ní lórí máàkì lọ. Olùkọ́ tó dára nínú ọ̀kan sì lè má dára nínú èkejì. Èyí túmọ̀ sí pé o lè wà nísàlẹ̀ nínú ìwé ọ̀gá rẹ, kí o sì wà lókè níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Gbé ìwé tí o fi ń pe orúkọ jáde. Wo ẹni tí kì í wá ní táàmù kìíní tó ti ń wá báyìí. Kọ orúkọ wọn síbì kan, kí o mú un lọ fún ọ̀gá nígbà tó bá tún pè ọ́. Kì í ṣe àwáwí, ẹ̀rí ni.

Ẹnì kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa rò. Ní 1978, Eigil Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí iléèwé kan ní àdúgbò àwọn aláìní ní Montreal. Olùkọ́ kíláàsì kìíní kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kàn pè ní “Miss A”. Nígbà tí wọ́n wá àwọn tí wọ́n ti dàgbà kàn, àwọn tó kọ́ ti lọ jìnnà láyé ju àwọn tí ẹlòmíràn kọ́ lọ. Gbogbo ẹni tó kọ́ ló rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ti gbàgbé ẹni tó kọ́ wọn ní kíláàsì kìíní. Ohun tó ń ṣe kò ní idán nínú: ó gbà pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀wé kà kí ọdún tó parí, ó sì máa ń dúró lẹ́yìn iléèwé pẹ̀lú àwọn tó ń lọ́ra.

Wọ́n á sì máa sọ ìtàn Anne Sullivan fún ọ, pé ó dé ọ̀dọ̀ Helen Keller ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1887, pé nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ọmọ tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, ti mọ̀ pé ohun gbogbo ló lórúkọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n fi nà ọ́ lẹ́gba. Ọmọ kan ṣoṣo ni Sullivan kọ́, ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí Sullivan fi kú ní 1936. Ìwọ ní mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹ ò sì ní lò ju ọdún kan pọ̀.

Ní ti báǹkì, bí owó oṣù rẹ kò bá gbọ́ bùkátà, lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ “èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run” dá ọ dúró. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti gba èrè tiwọn láyé. Bó bá jẹ́ torí pé o rò pé iṣẹ́ rẹ kò wọlé ni, dúró ná.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n yín ni mí, mo ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọ̀gá iléèwé wa ló san owó ìdánwò mi láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti kú láti ọdún pípẹ́, mi ò sì dúpẹ́ rí. Ṣé ẹ̀pa kò bóró mọ́? (Àgbàlagbà)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ olùkọ́ kì í sábà mọ ohun tí òbí rẹ̀ ń ṣe ní iléèwé. Èyí tí wọ́n mọ̀ ni ẹni tó ń dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé lábíyá, tí kì í lè bá wọn ṣeré. Bó bá sì jẹ́ pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, a jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí iléèwé tàbí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó fi jẹ́ ọ̀gá sẹ́yìn àpò lẹ́tà. Wọn kò ní fún yín ní àdírẹ́sì ẹbí, ṣùgbọ́n wọ́n lè bá yín fi jíṣẹ́. Bí ojú yín kò bá ríran kọ̀wé mọ́, ẹ pe ọmọ-ọmọ yín kan, kí ẹ máa sọ, kó máa kọ.